Hóòmù tíátà: orin inú fíìmù ń dún ketekete, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré

Ọmọ Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì) béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, yèyé mi tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 78 sì wà lọ́dọ̀ mi. Etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara mọ́, bẹ́ẹ̀ fíìmù Yorùbá ni ìgbádùn wọn ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ra hóòmù tíátà tòkunbọ̀ kan tí ó ní rísífà (ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn, tí ó sì ń pín in fún àwọn sípíkà), sípíkà márùn-ún àti wúfà kan. Èrò mi ni pé bí ohùn bá ti ń ti inú sípíkà gidi jáde, wọn yóò máa gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ láìjẹ́ pé mo ń tún un wí sí wọn létí. Òdìkejì èrò mi ni ó ṣẹlẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe so wọ́n pọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wa jẹ́ ínǹṣì 43, ihò HDMI mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ ARC sí ẹ̀gbẹ́ ihò kejì. Ihò kejì yìí ni mo ki okùn dìkódà sí, nítorí pé òun ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Láti ihò íápíìsì tẹlifíṣọ̀n ni mo ti fa wáyà pupa àti funfun lọ sẹ́yìn rísífà. Ẹ̀rọ DVD wọ inú rísífà pẹ̀lú okùn HDMI, okùn HDMI mìíràn sì jáde láti ibi tí wọ́n kọ OUT sí lára rísífà lọ sí ihò kìn-ín-ní tẹlifíṣọ̀n. Sípíkà mẹ́rin wà ní igun mẹ́rin pálọ̀, wúfà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Sípíkà karùn-ún, èyí tí ó gùn gbọọrọ tí a máa ń dá dùbúlẹ̀, kò ní wáyà nígbà tí mo rà á, nítorí náà mo gbé e sínú yàrá ná.

Ìṣòro méjì ni mo ní. Bí a bá ń wo ìròyìn láti orí dìkódà, ohùn ẹni tí ń ka ìròyìn ń jáde dáadáa, àmọ́ ariwo kan ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bí oyin inú ihò igi, kì í sì í dákẹ́ bí mo tilẹ̀ fi rímóòtù tẹlifíṣọ̀n yí ohùn sílẹ̀ dé òdo. Bí a bá fi DVD sí i, ariwo yẹn kò sí rárá. Ìlù, orin, ìró bàtà, ìró ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ ń dún ketekete. Ẹnu àwọn òṣèré nìkan ni a kàn ń rí tí ó ń mì, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ń dún bí ohùn ẹni tí ó wà nínú ilé kejì.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, yèyé mi wo fíìmù kan fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n rọra dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ sùn, pé ó jọ pé etí àwọn ti kú tán. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí pé èmi tí etí mi dá ṣáṣá kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà. Oníṣẹ́ kan tí mo pè wá wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, kí n tà á ní àtàgbé. N kò gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó ná owó mìíràn.

Olùkọ́ Físíìsì (Ìkọ̀lé-Èkìtì) dáhùn pé:

Ẹ kú ìtọ́jú yèyé, Olúwa yóò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín. Ẹ sọ fún wọn lónìí yìí pé etí wọn kò kú. Inú yàrá tí ẹ gbé sípíkà karùn-ún sí ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Hóòmù tíátà irú tiyín ń pín ohùn sí ọ̀nà mẹ́fà, òun ni wọ́n ń kọ ní 5.1. Ọ̀nà márùn-ún àkọ́kọ́ ni iwájú lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn lápá òsì àti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ìdá kan tí ó kù, tí àmì rẹ̀ jẹ́ .1, ni ti wúfà, tí kò gbé ju ìró ìsàlẹ̀ lọ, láti nǹkan bí 120 hertz sí ìsàlẹ̀. Àwọn tí ń ṣe fíìmù máa ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu sí ọ̀nà àárín, kí ohùn lè máa jáde láti ibi tí ojú òṣèré wà gẹ́lẹ́, níbikíbi tí èèyàn bá jókòó sí nínú yàrá. Orin àti ariwo àyíká ni wọ́n ń fọ́n sí ọ̀tún àti òsì. Sípíkà gbọọrọ tí ẹ tọ́jú yẹn ni sípíkà àárín.

Rísífà kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹ kò tíì so ó. Ohun tí wọ́n kọ sínú ètò rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun sì ti sọ fún un pé sípíkà márùn-ún ni ó wà nílé. Nítorí náà, ó ń fi tọkàntọkàn rán gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu lọ sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ bí ẹni pé ó ti ilé kejì wá ni ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ṣẹ́ sí àwọn ọ̀nà yòókù.

Ẹ lè béèrè pé, ṣé fíìmù tí a fi ọ̀nà méjì péré gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ náà ń kọ́, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù wa? Bákan náà ni. Bí rísífà bá wà lórí ètò tí wọ́n ń pè ní Pro Logic, yóò wo ohun tí ó jọra nínú ohùn ọ̀tún àti ti òsì, yóò yọ ọ́, yóò sì gbé e sí àárín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó sì sábà máa ń jọra ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìdí nìyí tí ohùn olùka ìròyìn fi dára: ọ̀pọ̀ rísífà ni ó máa ń rántí ètò tí ó yàtọ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì jọ pé ihò tí wáyà pupa àti funfun wọ̀ wà lórí Stereo, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àárín.

Ohun tí ẹ lè ṣe ní alẹ́ òní láìná kọ́bọ̀ nìyí. Ẹ tẹ Setup lórí rímóòtù rísífà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Speaker sí, ẹ ó rí Center níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Small tàbí Large wà níwájú rẹ̀. Ẹ yí i sí None. Lójú ẹsẹ̀ ni rísífà yóò pín ọ̀rọ̀ ẹnu sí iwájú ọ̀tún àti iwájú òsì lọ́gbọọgba.

Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé o, nítorí ti yèyé. Ẹ wá wáyà fún sípíkà àárín, ẹ gbé e sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ojú rẹ̀ ṣíjú díẹ̀ sókè sí ibi tí orí wọn máa ń wà bí wọ́n bá jókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ dá Center padà sí Small, ẹ wá Center Level, kí ẹ sì fi decibel 3 kún un. Ìyẹn yóò gbé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan sókè, orin àti ìbọn yóò sì dúró sí ààyè wọn. Fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kò já gaara mọ́, n kò mọ ohun mìíràn nínú gbogbo ẹ̀rọ yìí tí ó ṣe wọ́n láǹfààní tó o.

Àgbà Oníwáyà (Adó-Èkìtì) dáhùn pé:

Mo kí Ọmọ Olósùnta, mo sì kí Olùkọ́. Àlàyé Olùkọ́ lórí sípíkà àárín ti tó, n kò ní í padà sí i. Ariwo tí ń kùn ni mo fẹ́ bá yín yanjú, nítorí pé títún ẹ̀rọ ohùn ṣe ni iṣẹ́ òòjọ́ mi níhìn-ín ní Adó, ariwo yìí sì ni ẹ̀sùn tí àwọn oníbàárà ń mú wá jù.

Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ó fi ibi tí ó ti ń wá hàn. Ẹ ní bí ẹ tilẹ̀ yí ohùn tẹlifíṣọ̀n dé òdo, kì í dákẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ariwo náà kò sí nínú ohùn tí tẹlifíṣọ̀n ń rán jáde. Ara wáyà pupa àti funfun ni ó ti ń wọlé. Ẹ ṣe ìdánwò kan. Bí ó bá ń kùn, ẹ tú wáyà dìṣì kúrò lẹ́yìn dìkódà. Bí ó bá dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ti mú un. Òpó irin tí dìṣì dúró lé lórí wọ inú ilẹ̀, irin tí ó yí wáyà dìṣì ká sì fara kan òpó náà. Rísífà yín náà tún ní ọ̀nà tirẹ̀ sí ilẹ̀, láti ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì tí ó wọ sókẹ́ẹ̀tì ògiri. Iná ti rí ọ̀nà méjì dé ilẹ̀, ọ̀nà méjèèjì kò sì dọ́gba, ni iná díẹ̀ bá ń gba inú wáyà pupa àti funfun kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Iná tí a ń lò nílé ń lọ, ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìró yẹn gan-an ni ẹ fi wé oyin.

Ẹ kò nílò láti ra ohunkóhun. Ẹ kàn pààrọ̀ ipò okùn méjì ni. Ẹ yọ dìkódà kúrò nínú ihò kejì tí wọ́n kọ ARC sí, ẹ fi í sí ihò kìn-ín-ní. Okùn tí ó ti ẹ̀yìn rísífà wá, tí ó wà ní ihò kìn-ín-ní báyìí, ẹ mú un wá sí ihò ARC. Ẹ tú wáyà pupa àti funfun dànù. Ihò ARC ni kì í jẹ́ alápá kan: àwòrán DVD yóò gba inú okùn náà gòkè lọ sí tẹlifíṣọ̀n, ohùn dìkódà yóò sì gba inú okùn kan náà sọ̀ kalẹ̀ wá sínú rísífà. Nọ́ńbà ni ohùn náà jẹ́ nígbà tí ó bá ń kọjá níbẹ̀, nítorí náà ìkùn iná kì í lè dà pọ̀ mọ́ ọn bí ó ti ń dà pọ̀ mọ́ ti wáyà pupa àti funfun.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ wo ẹ̀yìn rísífà bóyá wọ́n kọ ARC sí ẹ̀gbẹ́ OUT. Ọdún 2009 ni ARC bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú HDMI 1.4, rísífà tí ó bá ti dàgbà ju ìyẹn lọ kò lè ní i. Bí tiyín kò bá ní in, ẹ ra okùn ìmọ́lẹ̀, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin kékeré tí ó ní ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ, tí ìmọ́lẹ̀ pupa máa ń tàn nínú rẹ̀. Toshiba ni ó gbé irú okùn yìí jáde ní ọdún 1983, títí di òní ni a ṣì ń lò ó. Kò sí irin nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lásán ni ó ń gbà á kọjá, nítorí náà iná ilẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kò lè gbé àwọn ohùn ńlá ti díìsìkì Blu-ray, ṣùgbọ́n 5.1 ti dìkódà àti ti DVD kò pọ̀ jù fún un.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó, ẹ ṣí CEC sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí rísífà; òun ni ètò tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba inú okùn HDMI. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un yàtọ̀: Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní SimpLink, Sony ní Bravia Sync. Ẹ sì yí ibi tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé ohùn jáde sí kúrò ní TV Speaker.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín lórí ohun kan. Ẹ ó rí ẹni tí yóò sọ fún yín pé bí ẹ bá ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì ara wáyà iná rísífà, ariwo yóò dákẹ́. Òótọ́ ni, yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ni ó ń gba èèyàn là bí iná bá jò sí ara páànù rísífà. Ọmọ oníbàárà mi kan fi ọwọ́ kan irú rísífà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ àpá rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di òní. Ẹ má ṣẹ́ ẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣẹ́ ẹ.

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ó bá jẹ́ 220 sí 240 volt, kò séwu. Èyí tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ 120, irú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní tiransifọ́mà tí yóò bá a dín iná kù.

Ìyá Ìbejì (Ìjerò-Èkìtì) dáhùn pé:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, nítorí pé ojú mi ti rí i. Nígbà òjò, bí ààrá bá ti ń sán, mo máa ń yọ gbogbo ẹ̀rọ wa kúrò lára iná ògiri, mo sì gbà pé mo ti ṣe ohun tí ó yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ààrá sán sí àdúgbò wa. Iná kò sí lára ẹ̀rọ kankan nínú ilé, síbẹ̀ dìkódà, tẹlifíṣọ̀n àti rísífà kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà dìṣì tí n kò tú ni ó gbé e wọlé, àwọn okùn HDMI sì ni ó pín in kiri láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ihò HDMI tí ó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú àwọn òkè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá ti rí i tí ojú ọjọ́ ṣú, ẹ tú wáyà dìṣì, kí ẹ sì yọ iná ògiri, méjèèjì. Ẹ ṣe é kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀ o, ẹ má ṣe di wáyà dìṣì mú nígbà tí ó bá ti ń sán lókè.

Ọmọ Olósùnta padà wá, ó ní:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀ bí ó ti lọ.

Ní alẹ́ tí Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí mi, mo yí Center sí None, ọ̀rọ̀ ẹnu sì jáde, ṣùgbọ́n kò ní ibùdó. Ó dà bíi pé ohùn náà ń léfòó káàkiri pálọ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Mo rò pé nítorí àìsí sípíkà àárín ni. Ní ọjọ́ kejì mo pààrọ̀ ipò okùn méjèèjì bí Àgbà Oníwáyà ti wí. ARC wà lára rísífà mi, 230 volt ni wọ́n sì kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn kò jáde rárá fún bí wákàtí kan. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mo ti ṣí CEC sílẹ̀, mo gbàgbé ti rísífà. Nígbà tí mo ṣí ìyẹn náà, tí mo pa ẹ̀rọ méjèèjì, tí mo tún wọn tàn, ohùn ìròyìn bọ́ sínú sípíkà, ìkùn oyin yẹn sì ti lọ pátápátá. Mo dá etí dúró láti gbọ́ ọ, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ti so sípíkà àárín báyìí, mo sì fi decibel 3 kún un. Ọ̀rọ̀ ń jáde níbi tí ó yẹ. Ohun tí ó kù ni pé orin ṣì fẹ́lẹ́ ní iwájú, bí ẹni pé àárín rẹ̀ ṣófo. Kí ni mo tún ṣe tí kò tọ́?

Olùkọ́ Físíìsì dáhùn pé:

Ẹ ti gbé wáyà sípíkà iwájú kan sódì, àmì ìdarapọ̀ sí ibi àmì ìyọkúrò. Bí ìkan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n sì ń pa ara wọn lẹ́nu. Ẹ pa rísífà, ẹ tú wáyà sípíkà iwájú kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan tí ó jẹ́ 1.5 volt, ẹ fi wáyà tí ó ti wà ní ihò pupa rísífà kan orí bátìrì, ẹ fi èkejì kan ìdí rẹ̀, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Ẹ wo ojú sípíkà láti ẹ̀gbẹ́: bí ó bá yọ síta, ó tọ́, bí ó bá sún wọlé, ẹ yí wáyà rẹ̀ padà.

Ọmọ Olósùnta dáhùn pé:

Ti apá òsì ni. Mo tú u, mo fi bátìrì kàn án, ojú rẹ̀ sún wọlé díẹ̀ báyìí, mo rí i kedere. Mo yí i padà, orin sì kún.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, yèyé mi jókòó sí àga wọn. Nígbà tí ìyálé inú fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ sí purọ́ mọ́ ìyàwó kékeré, wọ́n dá a lóhùn sókè pé, "Irọ́ ni, ìwọ ni o gbé e pamọ́!" Mo bọ́ sí ilé ìdáná, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bá a jà.

Ẹ̀yin Àgbà Oníwáyà, ìbéèrè kan ló kù: wáyà ti sípíkà ẹ̀yìn gùn tó mítà mẹ́wàá, ó sì tín-ín-rín. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Àgbà Oníwáyà dáhùn pé:

Bí ó bá tín-ín-rín bí òwú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Wáyà kọ́pà onífọ́nrán púpọ̀ tí wọ́n kọ 1.5 mm² sí lára tó fún mítà mẹ́wàá, kò sí ìdí láti ra èyí tí ó nípọn ju ìyẹn lọ. Ẹ rà á ní odindi, ẹ má ṣe so ó lójú ọ̀nà, kí ẹ sì gbà á lẹ́bàá ògiri níbi tí eku kò ti ní í rí i.